Agogo Tí Kò Dún

Nígbà tí Màmá Sunrye lajú, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Àyà rẹ̀ já pà. Òun ló ń lu agogo àdúrà ìdájí fún ìjọ abúlé wọn ní Korea, kò sì pa á jẹ rí.

"Mo gbé o! Wọn á gba agogo lọ́wọ́ mi."

Ó rí ẹsẹ̀ bàtà kan, kò rí ìkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kanlẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Gbogbo ìjọ ló dúró síta, Alàgbà Chae ṣíwájú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ má bínú, oorun ló gbé mi lọ!"

"Oorun kẹ̀! A ò gbọ́ agogo, a ti ń sunkún òkú yín bọ̀ lọ́nà. Ẹ wọ bàtà, ẹ wá lu agogo yín jàre!"