Ìdí Tí Fọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ń Ṣe Bàìbàì

Ẹ fa àga súnmọ́ bí, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń kà mí lórí fóònù. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ ṣe tirẹ̀ kó padà wá. Ẹ jókòó, kí n ro ohun tójú mi rí fún yín. Kò gùn, ṣùgbọ́n n kò ní sáré sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi tọ́ ọmọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀ kí orúnkún tó ní kí n wá jókòó sílé ní Àdìgbẹ. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi fi kámẹ́rà ránṣẹ́ láti òkè òkun, òun àti lẹ́ńsì súùmù kan tó gùn bí ọmọ odó. Ó ní kí n máa fi ya ẹyẹ. Ẹyẹ wo? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fẹ́ yà!

Aláró ni ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìgbẹ̀ìn. Àdìrẹ ló fi bọ́ wa nígbà tí bàbá wa kú. Ara rẹ̀ ti wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, dókítà sì ti ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí. Ó ní òun kò fẹ́ fọ́tò orí àga, èyí téèyàn ń ranjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Òun fẹ́ kí n ya òun níbi tí ọwọ́ òun ti wà nínú aró, kí àwọn ọmọ òun lè máa rí ẹni tí òun jẹ́. Ó ní kí n tètè ṣe é. Nínú gbogbo ayé wa, ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Nílé wa, ọkùnrin kì í dé ìdí ìkòkò aró. Òfin ìyá wa ni, wọ́n ní aró á bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ Mẹ́kà, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan òfin yẹn. Nítorí náà, ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni mo lè dúró mọ. Bí mo bá wo ọ̀ọ́kán láti ibẹ̀, ààrò tí wọ́n ti ń se omi tí wọ́n fi ń yọ àbẹ́là tí wọ́n fi ya ọnà kúrò lára aṣọ ni màá kọ́kọ́ rí, kí ojú mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ páànù. Mo ní kò burú. Kí ni súùmù wà fún?

Mo yà á. Bàìbàì! Ó dà bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ó ní kí n gbé e wá kí òun wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àlàó, ta nìyí? Ṣé èmi ni àbí iwin mi?"

Mo ní kó má bínú, ọwọ́ mi ló gbọ̀n.

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ tó máa ń yọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ mi láìjẹ́ kí omi ọbẹ̀ kán sílẹ̀!"

Ráfíátù, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Òótọ́ ni pé súùmù gígùn máa ń sọ ìgbọ̀n díẹ̀ di púpọ̀. Mo gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, mo gbé kámẹ́rà lé e. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá fọ́tò ni mo fẹ́ yà tàbí ilé ni mo fẹ́ kọ́. Mo pa ohun tó wà nínú lẹ́ńsì tí kì í jẹ́ kó gbọ̀n, torí bó bá ti wà lórí igi, òun gan-an lè máa jì í. Mo jẹ́ kí kámẹ́rà yára débi pé ìyẹ́ ẹyẹ tó ń fò kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo nu dígí rẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi yí lẹ́ńsì kó lè ríran dáadáa, títí ojú fi ń ro mí. Bàìbàì!

Ó di ọ̀dọ̀ Múfú, tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Kútọ̀. Ó kọjú lẹ́ńsì sí pátákó kan lódìkejì gáréèjì, ó yà á, gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ yọ gaara. "Bàbá, lẹ́ńsì yín ríran ju àwa méjèèjì lọ. Ẹ gbé e lọ jàre."

N kò gbà. Mo ní kó tú u wò. Ó ní kò sóhun tó ṣe é, mo ní kó ṣáà tú u.

Nígbà tí lẹ́ńsì wà ní títú lórí tábìlì Múfú, Ráfíátù pè mí. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ nílé." Mo mọ̀.

Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi kí ìrun àsárì tó tó. N kò sunkún. Wọ́n gbé ẹ̀bà fún mi, mo jẹ ẹ́. Mo rántí pé ó gbóná. N kò rántí ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi, ẹ kú ìrọ́jú, mo ń dáhùn, bí ìgbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Múfú ti to lẹ́ńsì náà padà. Mo gbé e dání. N kò lè sọ ìdí. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ààrò ti tutù, eérú nìkan ló kù. Mo ya àpótí tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó lé.

Ó yọ gaara! Mo rí ìlà igi. Mo rí ipa ìka rẹ̀ tó fi aró tẹ̀ mọ́ etí àpótí náà.

Lẹ́ńsì kan náà, ẹnu ilẹ̀kùn kan náà, ọwọ́ kan náà. Kí ló yàtọ̀? Iná ni kò sí. Nígbà tí Ráfíátù padà sẹ́nu iṣẹ́, tó dá iná, mo tún ya àpótí náà. Ó tún wọ abẹ́ omi. Ooru orí ẹyín iná ló ń jó láàárín wa! Ká ní èéfín ni, ǹ bá ti rí i. Ẹyín iná pupa kì í rú èéfín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ra súùmù, ẹ gbọ́. Bí fọ́tò bá ṣe bàìbàì, ẹ wo ọwọ́ yín, ẹ wo lẹ́ńsì, lẹ́yìn náà ẹ wo ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Súùmù kì í fa èèyàn nìkan súnmọ́ni, ó ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọn ni. Ẹ yà á kí wọ́n tó dáná. Tàbí kẹ́ ẹ tọrọ àyè, kẹ́ ẹ wọlé lọ bá a. Èmi kò tọrọ. Ta ló mọ̀ bóyá ì bá gbà?

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á.

Wọ́n ti pín ogún. Ráfíátù ló ni àwọn ìkòkò aró. Ó ní kí n máa wọlé dé ìdí wọn, pé òun kò rí i rí kí aró bàjẹ́ nítorí arúgbó. N kò tíì wọlé débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni yàrá iwájú. Àwọn ọmọ-ọmọ pín aṣọ. Àwọn fọ́tò bàìbàì yẹn, èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. Kò sẹ́ni tó bá mi dù wọ́n.