Ẹni Tó Kan Pákó

Ilé alájà tí mo gbé ní àdúgbò Berea nílẹ̀ òkèèrè nígbà yẹn máa ń rùn bíi kẹrosíìnì àti aṣọ tí kò gbẹ dáadáa, pàápàá nígbà òtútù tí gbogbo wa máa ń ti fèrèsé pa. Onílé fi pákó pín yàrá ńlá kan sí méjì. Èmi wà ní apá kan, àǹtí ará Iléṣà kan tó ń dirun wà ní apá kejì. Òun ló mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń háyà lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè. Ó tọ́jú mi bí àbúrò.

Ìjà wá dé. Ó sọ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì pé mo fi ọkọ sílẹ̀ l'Ékòó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mi ò kí i mọ́.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, mo ń lọ aṣọ, mo gbọ́ tí àǹtí kan pákó láti òdìkejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sinmi díẹ̀, ó tún kàn án. Mo mọ̀ pé ó ní ikọ́ fée, pé ó lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ló ń wá. Èmi tí mi ò pe àgbà ní "ìwọ" rí, mo ké sí i pé, "Máa kàn án lọ títí ọwọ́ rẹ á fi bó!" Kò kàn án mọ́. Nígbà tí arábìnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ wò nírọ̀lẹ́, ó ti kú.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sunkún níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe ń bọ́ bàtà, mo gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo sáré lọ wo òdìkejì: bẹ́ẹ̀dì irin nìkan ló kù níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé pákó náà, ó ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi bí àyà ẹni tó ń wá èémí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́lé ní, "Eish, sisi, eku ni." Ṣùgbọ́n kò jẹ́ wọlé.

Mo kó lọ sí àdúgbò Rosettenville, sí ilé bíríkì tó dá dúró. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ògiri bíríkì náà dún.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó pásítọ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi jáde ni, àfi bó ṣe gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún èyí náà, ọmọ mi." Ó fà mí dìde. "Ṣé àbúrò àǹtí tó wà nílùú yìí mọ̀?"

Àbúrò náà ń ta aṣọ láàárín ìlú. Mo rò ó fún un nínú ìsọ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń ká aṣọ kan náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ kankan?" ló bi mí.

"Rárá. Ó kàn ń kan pákó ni."

"Mi ò lè dárí jì yín lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó."

Mo jókòó tì í títí ó fi ti ìsọ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú òun.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí kíkàn náà dáwọ́ dúró. Mo kàn rí i lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan pé oorun ti gbé mi lọ. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí mo gbọ́. Ohun tó yé mi ni pé gbogbo ìgbà tí mo ń sá fún Ọlọ́run, mo rò pé kò tíì mọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run wà lọ́dọ̀ àǹtí nínú yàrá yẹn, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí mo sọ. Òun náà ló sì dárí jì mí.