Akàn tí Ọ̀rẹ́ Mi Fi Ṣe Èènì fún Mi

Ẹ̀rù akàn ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ìyàwó mi tó bá mi sọ ọ́. Mo ta tòmátò ní Mile 12 títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ru apẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo ti bá àwọn ọmọ ìta wo ojú ara wa, mi ò sá. Ṣùgbọ́n bí akàn bá ti na ẹsẹ̀ kan, èmi á na méjèèjì.

Kí wá ni èmi àti àpótí ẹja olómi iyọ̀ jọ ń ṣe nínú pálọ̀ kan ní Ìkòsì? Ọmọ mi obìnrin ló ni ín. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń lọ sí Kánádà, kò lè gbé e wọ bàálù, ló bá fi sílẹ̀ fún mi bí ẹni fi ọmọ tuntun sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Ẹja méjì aláwọ̀ ọsàn ló wà níbẹ̀, tó dà bíi pé wọ́n di ìgbànú funfun mọ́ra. Iyùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi tí mo rò pé ọrùn ọba nìkan ni iyùn ń gbé, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó ní èyí tó ń mí, tó ń la ọwọ́ bí òdòdó, tó sì ń pa á dé. Èyí tó tóbi jù láwọ̀ elésè àlùkò. Kò ju ìka ọwọ́ lọ nígbà tí ọmọ mi rà á. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó ní, "Daddy, bí gbogbo ẹ̀ bá tiẹ̀ kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ti elésè àlùkò yẹn kú. Mo ń bọ̀ wá wò ó ní Kérésì."

Nǹkan ń lọ dáadáa títí ohun aláwọ̀ ewé kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára gíláàsì, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, ó sì ń gun orí iyùn bọ̀. Mo pe ọmọ mi. Ó ní kò sí wàhálà, agbálẹ̀ ni omi náà ń fẹ́: ìṣáwùrú tí yóò máa lá gíláàsì, edé kan tàbí méjì, àti àwọn akàn wẹ́wẹ́ tó máa ń wọ ìkarahun ìṣáwùrú tó ti kú gbé, tí wọ́n ń ṣa àjẹkù jẹ.

Mo ní, "Ṣé kò sí agbálẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kéékèèké ni wọ́n, Daddy. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní akàn ńlá."

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Ọjọ́ta. Ìjẹ̀bú la ti jọ wá. Orí ẹní kan ṣoṣo la jọ ń sùn ní Kétu nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè dá yàrá gbà. Òun ló gbé ọmọ mi yìí lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bá?

Ó gbé abọ́ síwájú mi, ó ní kí n ṣà. Mo ṣà á bí mo ṣe ń ṣa tòmátò. Mo dojú ìṣáwùrú kọ̀ọ̀kan sókè. Èyí tó bá yára yíra padà, mo mú un. Èyí tó bá ń ṣe bí òṣìṣẹ́ tí wọn ò tíì san owó oṣù fún, mo dá a padà.

"Alága, ìṣáwùrú ni o," ọ̀rẹ́ mi ní. "Ṣé wàá tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò ni?"

"Bó bá rọ̀, mi ò rà á."

Nígbà tó kan àwọn akàn wẹ́wẹ́, mo kó ọwọ́ méjèèjì sápò, mo ní kó bá mi ṣa àwọn yẹn. Ó dì wọ́n tán sínú ọ̀rá olómi. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti kó bá mi. Ẹni tó bá ti ṣòwò ní Mile 12 kò mọ bí wọ́n ṣe ń kúrò nídìí ọjà láìbèèrè èènì. Bí pósí ni mo lọ rà, mo máa ní kí wọ́n fi ìṣó díẹ̀ lé e.

"Èènì mi dà?"

Ó dúró. Ó wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọlé, ó sì gbé akàn dúdú kan jáde, onírun lẹ́sẹ̀, tó tó páálí ìṣáná. Mo fà sẹ́yìn.

"Èyí ò ti tóbi jù? Ọmọ mi ní—"

"Nínú èmi àti ọmọ ẹ, ta ló ń ta ẹja? Ọ̀gá agbálẹ̀ nìyí. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ó parí. Mo na apá gbọọrọ, mo gbé ọ̀rá náà dé Ìkòsì bí ẹni gbé bọ́ǹbù. Ìyàwó mi ní, "Daddy, ejò lẹ rà ni?"

Lóòótọ́, gíláàsì mọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìkarahun òfìfo nílẹ̀ omi. Àwọn akàn wẹ́wẹ́ ni mo fẹ̀sùn kàn. Inú ilé onílé ni wọ́n kúkú ń gbé; mo ní ọ̀rọ̀ ilé ló dá ìjà sílẹ̀, ṣé kì í ṣe ilé náà ló ń dá ìjà sílẹ̀ ní Kétu? Lẹ́yìn náà, mi ò rí edé mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, bí mo ṣe ń so táì, mo rí èènì mi lórí iyùn elésè àlùkò, ó ń já a jẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń jẹ ṣúyà.

Mo pariwo. Ìyàwó mi sáré dé.

"Ẹ mú un jáde!"

"Ọwọ́ wo ni kí n fi mú un?"

Asẹ́ ògì ló fi gbé e. Èmi wà lórí àga, mo ń darí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ike onídèérí tí ìyàwó mi dà á sí, mo gba Ọjọ́ta lọ. Mi ò bínú. Títí mo fi débẹ̀ ni mò ń bá ọ̀rẹ́ mi ṣe àwíjàre lọ́kàn: kò mọ̀ ni, àwọn tó tà á fún un ló tàn án jẹ. Obìnrin kan tó ń ra oúnjẹ ẹja wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ike, ó pàtẹ́wọ́, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Hẹn-ẹ́n! Bọ̀ọ̀dá, ẹ padà rẹ́ni gbé e fún? Akàn tó jẹ gbogbo edé yín tán, tí ẹ ní kí n máa gbé lọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́?"

Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún rọ́bà kan tí kò bàjẹ́ ṣe. Mo dúró kó sọ pé irọ́ ni. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá gbà á gbọ́, ǹ bá tún bá a bú obìnrin náà.

"Ṣèbí ìwọ lo bèèrè èènì?" ló ní. "Mi ò lè pa á, ẹ̀dá Ọlọ́run ni. Mo rò pé àpótí tìẹ fẹ̀ ju tèmi lọ, wọ́n á gba ara wọn."

"O mọ ọmọ tó ni omi yẹn. Ìwọ lo gbé e níjọ́ ìsàmì."

"Akàn ni, Alága. Akàn lásán!" Ó rẹ́rìn-ín, ó wo obìnrin náà pé kó bá òun rín in. Obìnrin náà ò rín in.

Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ awakọ̀ tírélà, mo kàn fi ìdérí dé akàn náà. Mo gbé ike náà sórí tábìlì rẹ̀, mo jáde. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ akàn kò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Mo gbé fóònù síwájú iyùn kí ọmọ mi fojú ara rẹ̀ rí i, mo sì ní akàn ńlá ló jẹ ẹ́. Ìdajì ló kù. Ó ní kí n sún fóònù mọ́ gíláàsì sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣebí ọ̀dọ̀ Uncle lẹ ti rà á? Àwọn náà ò mọ̀ ni?"

Mo ní, "Wọn ò mọ̀."

Ó dé ní Kérésì. Iyùn náà ti yọ ọwọ́ tuntun kéékèèké méjì kan ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó já. Ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì, ó ń wò ó, ó ní mo gbìyànjú. Nígbà tó dìde, ó mú ẹ̀bùn kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ní kí á jọ lọ kí Uncle ní Ọjọ́ta. Mo ní kó máa lọ, kó bá mi kí wọn. Èmi fẹ́ pààrọ̀ omi.