Nígbà Tí Ọmọ Pe Ìyá Rẹ̀ Ní Ìyàwó

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ bí o bá ń bọ̀ ní abúlé wa láti Mọníyà. Kí o tó rí òrùlé kankan, kí ajá tó gbó ọ, omi tó ń ro tó-tó-tó láti inú àpò ẹ̀gẹ́ tí a gbé òkúta lé yóò ti kí ọ káàbọ̀. Ó kan, ó sì ń ta ní imú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èéfín igi yóò dé, àti òórùn gàrí tó ń gbẹ lọ nínú agbada. Àlejò a máa dimú. Àwa tí a ti fi òórùn yìí tọ́ ọmọ, tí a fi kan páànù sórí ilé, a kì í gbọ́ ọ mọ́. Àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ láyé ìgbà yẹn, nígbà tí òórùn mìíràn bá wọ àárín rẹ̀, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù. Bí mo bá ti gbọ́ èyí, mi ò ní gbójú sókè kí n tó mọ̀ pé ìyàwó ọmọ mi ti sọ̀ lórí ọ̀kadà.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ pé mi ò kàwé, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Mi ò lè pe orúkọ iṣẹ́ tí ìyàwó ọmọ mi lọ kọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń pè é. Ohun tó ṣàlàyé fún mi ni pé àwọn ni igbákejì dókítà. Níbi tí dókítà kò bá sí, bíi ti abúlé tiwa yìí, àwọn ni yóò yẹ aláìsàn wò, àwọn ni yóò fún un lóògùn, àwọn náà ni yóò sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tètè gbé lọ sí ìgboro. Ìgboro Ìbàdàn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Kò ṣeé lọ kó ṣeé bọ̀ lójoojúmọ́, ló bá gba yàrá síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni yóò lọ, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni yóò dé. Ọmọ mi tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà lápá Òkè-Ògùn, òun náà kì í sí nílé. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wọn kan ṣoṣo wà, ọmọbìnrin tí mo ń fi oríkì pè ní Àsàkẹ́. Kò tíì pẹ́ tó já lẹ́nu ọmú nígbà tí ìyá rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́.

Bí ìyàwó ọmọ mi bá ti dé, kò ní fìdí kan ilẹ̀. Yóò bọ́ yunifọ́ọ̀mù, yóò ró ìró, yóò lọ kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà láti ojúlé dé ojúlé. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò fọ aṣọ tèmi mọ́ ti ọmọ. Láàárọ̀ Sátidé, a ti jọ wà nídìí ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ rẹ̀ ń lọ ṣàṣà. Lọ́sàn-án, yóò se ọbẹ̀ tí èmi àti ọmọ ó jẹ di àárín ọ̀sẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, yóò dúró tìwé lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ yóò máa mì, yóò máa ka orúkọ eegun bí ẹni ń ki oríkì ìdílé. Sọ́ńdè tí a ń pè ní ọjọ́ ìsinmi, ìwọ náà mọ̀ pé obìnrin kì í sinmi níbẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì ni, oúnjẹ ni, ká tún palẹ̀ ẹrù mọ́ ni. Gbogbo agbo ilé ló ń yìn ín. "Ìyàwó yìí ò mọ̀ ọ́n jókòó!" Láàárín wa, ìyìn wo ló tún ju ìyẹn lọ fún ìyàwó ilé?

Orúkọ rẹ̀ náà nìyẹn, Ìyàwó. Òun ló wọlé kẹ́yìn nínú àwọn tí a gbé wá sí agbo ilé wa, bí òmíràn kò bá sì tíì dé, òun la ó máa pè bẹ́ẹ̀, kódà kó bí ọmọ mẹ́wàá. Èmi ń pè é ní Ìyàwó, àwọn aya àbúrò ọkọ mi ń pè é ní Ìyàwó, àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá. Kò sí ẹni tó rò ó wò pé ọmọ kan wà láàárín wa tí ń fi etí kọ́ ọ̀rọ̀.

Ní Jímọ̀ kan, ọ̀kadà sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí ni Àsàkẹ́ fò sókè. "Màámi! Màámi! Ìyàwó dé!" Ó sá wá sẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú. Ìyá rẹ̀ ju báàgì sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ọmọ náà yọ orí, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, kú àbọ̀."

Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀kan nínú àwọn aya àbúrò ọkọ mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, pàtẹ́wọ́: "Ìyàwó, ọkọ ẹ ń kí ọ, o ò kúnlẹ̀! Ó kù kó rán ọ lómi báyìí." Àsàkẹ́ rí i pé ẹ̀rín náà dùn, ó bá na ìka: "Ìyàwó, lọ pọnmi!" Àwọn kan fi ẹ̀rín ṣubú lu àpò ẹ̀gẹ́. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, olówó orí mi," ó gbé korobá, ó sì lọ sídìí kànga.

Ó pẹ́ kó tó dé. Mo lọ wò ó. Mo bá a tó dojú korobá délẹ̀, tó jókòó lé e, tó ń fi etí ìró nu ojú.

"Màámi, mi ò padà lọ mọ́."

"Síbo?"

"Sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí eegun tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ lára èèyàn, ọmọ tí mo bí ò mọ orúkọ mi."

Mo fẹ́ ní, "Ìyàwó, má sunkún," mo wá rántí pé orúkọ náà gan-an ló ń pa á lẹ́kún. Kí ni mo fẹ́ pè é?

Sọ́ńdè dé, kò palẹ̀ ẹrù mọ́. Ìdánwò tí yóò gbé wọn dé kíláàsì àṣekágbá sì wà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Ẹni tí kò bá ṣe é, ibẹ̀ ni tirẹ̀ parí sí. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wá jókòó tì wá, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ẹlẹ́nu, aya àbúrò ọkọ mi tó ń ṣẹ̀fẹ̀ ní Jímọ̀, ń wo ilẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún. Ọwọ́ rẹ̀ ti tutù fún omi ẹ̀gẹ́, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n lò, mo tẹ ibi tí mo rí, ohùn obìnrin kan sì bú jáde fún gbogbo wa. Tíṣà wọn ni, àgbà nọ́ọ̀sì kan.

"Ṣé kò sí nǹkan? Mi ò rí ọ."

"Kò sí, mà."

"Ọmọ ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà á. Ó rò ó tán, láti orí "Ìyàwó, kú àbọ̀" dé orí omi. Mo rò pé wọn yóò jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Aláìsàn wá bá ọ, ó rẹ̀ ẹ́, o yẹ̀ ẹ́ wò, o rí i pé iṣẹ́ àṣejù ni. Kí lo máa sọ fún un?"

"Kó lọ sinmi, mà."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo lo sinmi kẹ́yìn?"

Ó wo ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ń ro.

"Tí o bá ń lọ sílé ní Jímọ̀, ta lò ń lọ bá, ìkòkò àbí ọmọ? Ìwé kọ́ ló gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ. Wá ṣe ìdánwò. Tí o bá sì délé, jókòó."

Ó fọ ọwọ́, ó wọlé lọ palẹ̀ ẹrù. Nígbà tí ọ̀kadà dé, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Màámi, tí mo bá dé ní Jímọ̀ yìí, tó bá di Sátidé, mi ò ní bẹ ẹ̀gẹ́, mi ò ní fọ aṣọ, mi ò sì ní la ìwé. Ọmọ mi ni mo fẹ́ jókòó tì. Ẹ má bínú sí mi." Ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ọkùnrin tó fi àdá lásán dojú kọ oká lóko. Mi ò tíì rí ìyàwó ilé tó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ, láti sọ pé òun fẹ́ jókòó. Mo ní kó dìde, mo ní kó máa lọ, Ọlọ́run á bá a ṣe é.

Bí ọ̀kadà ti ṣí, mo sọ fún àwọn tó kù pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é ní Ìyàwó mọ́. Ẹlẹ́nu fò dìde: "Òmíràn ò tíì wọlé ná! Kí la ó wá máa pè é?"

"Ìyá Àsàkẹ́."

"Ẹni tó bá wá ṣèèṣì ńkọ́?"

"Yóò bẹ ẹ̀gẹ́ apẹ̀rẹ̀ kan fún ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀."

Ta ni wọ́n kọ́kọ́ mú? Èmi ni! Ẹlẹ́nu sì ń sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri láti máa ṣọ́ ẹnu wa, bí ẹni ń dọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ náà ń gbọ́ "Ìyá Àsàkẹ́, Ìyá Àsàkẹ́" lọ́tùn-ún lósì, ó wá bi wá lọ́jọ́ kan pé, "Ta ni Ìyá Àsàkẹ́?" Ẹlẹ́nu dá a lóhùn pé, "Ìyá tó bí ọ ni, ìwọ tí ń rán ìyá ẹ lómi!"

Ìdánwò ọ̀hún, ó ṣe é, ó yege. Sátidé àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi òronbó, ó jókòó. Kò rọrùn fún un o. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò wà. Ó ń já koríko, ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ jọ. Ọmọ ń ṣeré lókèèrè, bí ẹni tí kò rí i. Ìyá rẹ̀ kò pè é, kò fi súìtì tàn án. Ìgbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí ni Àsàkẹ́ mú ìkarahun ìgbín wá fi hàn án. Nígbà tí mo tún wò wọ́n, àwọn méjèèjì ti sùn lọ, wọ́n lanu sílẹ̀ bákan náà. Obìnrin kan tó ń lọ sóko yà bi mí pé, "Ṣé ara ìyàwó yín ò yá ni, tó fi sùn lọ́sàn-án?" Mo ní ara rẹ̀ yá, ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe Sátidé kan, kì í ṣe méjì. Bí ìdánwò ti wù kó sún mọ́lé tó, ìwé kì í jáde nínú báàgì lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa, ó gbọ́, ó kí wọn, ó sì jókòó. Nígbà tí wọ́n pín òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ọsibítù láti kọ́ṣẹ́ tí Sátidé kò gbà á láyè mọ́, ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ ló fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọyẹ́ ọdún tí ìyá Àsàkẹ́ yóò jáde nílé-ẹ̀kọ́, ọmọ náà ń sáré pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi orúnkún gbá òkúta tí a fi ń tẹ ẹ̀gẹ́, ẹ̀jẹ̀ bọ́. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo ju igbá tí mo fi ń ro gàrí sílẹ̀, mo la ọwọ́ méjèèjì. Ọmọ ń bọ̀ tẹkúntẹkún. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí atẹ́gùn. "Ìyá mi! Ìyá mi!" Orí ẹní tí ìyá rẹ̀ jókòó lé ló sọ ara rẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ tó mọ gbogbo oògùn kò wá oògùn kankan. Ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ló tó ní kí wọ́n bu omi tó mọ́ wá.

Ṣé kò dùn mí? Ó dùn mí díẹ̀, ẹ̀yìn mi ló gbé e dàgbà. Ṣùgbọ́n mo dúró níbẹ̀, ọwọ́ mi là sílẹ̀ lófìfo, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, láti abúlé dé abúlé ni wọ́n ń wá a wá sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kí mi kú oríire pé ìyàwó ọmọ mi kàwé. Mo ń dúpẹ́. Ìwé náà dára. Ṣùgbọ́n èmi tí a fi àìjókòó yìn láti kékeré, ohun tí mo fi ń yangàn lára rẹ̀ kò sí nínú ìwé: mo rí obìnrin kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó, tó sì jókòó títí ọmọ rẹ̀ fi mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀.