Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Nínú Yàrá Ìfọṣọ

Lọ́jọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ògiri yàrá ìfọṣọ tí a ń fi àfọ́kù táìlì olówó pọ́ọ́kú láti àdúgbò Gangare tún ṣe. Ó ní kí n ta okùn síbẹ̀, pé oòrùn yóò máa dé ibẹ̀. Mo ní fèrèsé kéré jù.

Ó rẹ́rìn-ín: “Tíṣà, oòrùn ò ka ìwé yín.”

Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù kan kọjá kí n tó lè wọ yàrá náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ìtànṣán kan gba fèrèsé wọlé, ó sì nà gbọọrọ lórí ìlà rẹ̀ láìyẹ̀. Mo ṣí fìlà, mo dúró títí ó fi kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, mo ta okùn, mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, mo sì sá a.