Bébà Inú Agolo Bisikíìtì

Nígbà tí mo ṣì kéré, kí ewú tó wọ orí mi tí ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí fi ń pè mí ní Màmá Àgbà, Deido ni à ń gbé, ní ìlú Douala ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù, kò jìnnà sí afárá odò Wúrì. Yàrá méjì ni a ní nínú àgbàlá kan, àwa àti àwọn onílẹ̀. Bàbá mi ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onísùúrù ènìyàn, kì í gbé ohùn sókè àfi tó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ilé ìkàwé kan wà ládùúgbò wa. Ẹ má rò pé ilé ńlá ni o. Yàrá kan ṣoṣo ni, onípáànù, àwọn ará àdúgbò ló dá a sílẹ̀, ìwé tí oníkálukú fi tọrẹ ló wà nínú rẹ̀. Kò sí òǹtẹ̀ lára ìwé kankan. Obìnrin kan ló ń bójú tó o, ọmọ bíbí Deido, ó ga, ó dúdú, okùn bàtà ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Màmá Ìwé ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè é.

Ohun kan wà tí Màmá Ìwé máa ń ṣe, tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn títí dòní. Ní gbogbo Sátidé, fúnra rẹ̀ ni yóò yan ìwé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Yóò kọ orúkọ rẹ àti ìdí tó fi yan ìwé náà fún ọ sára bébà kékeré kan, yóò fi há inú èèpo ìwé, yóò sì tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Bébà yẹn nìkan ni a fi ń mọ̀ pé ìwé ilé ìkàwé ni. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò, a kò sì gbọdọ̀ fi bírò kan ìwé.

Ẹ wò ó, ọmọ kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà ni mí. Aṣọ ọrùn mi, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bàtà mi, ẹ̀gbọ́n mi. Kí àgbàlagbà kan wá jókòó, kó ro tèmi, kó kọ orúkọ mi sílẹ̀, háà, ó dùn mọ́ mi ju ìwé gan-an lọ! Bí mo bá délé, màá yọ bébà náà, màá fi pamọ́ sínú agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé Màmá Ìwé mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọ tuntun fún mi ní gbogbo Sátidé.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé níbo gan-an ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà. Mo sọ fún un pé àwọn ọmọ iléèwé mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé kí n máa lọ sílé wa, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ilé mìíràn ju Deido lọ. Ìjà Bàkásì ló fà á. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń jà sí ilẹ̀ etí òkun yẹn, àwa ọmọ Nàìjíríà tí a wà ní Douala sì di ẹni tí wọ́n ń fura sí. Bàbá mi kì í sọ Yorùbá nínú takisí mọ́. Nígbà tó di Sátidé, ìwé àwòrán ilẹ̀ ńlá kan ti ń dúró dè mí lórí tábìlì.

Mo yọ bébà, mo jù ú sínú agolo. Mo wá mú bírò pupa. Bàbá mi ti sọ fún wa rí bí òun ṣe wá: mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kàlàbá, ọkọ̀ ojú omi láti Kàlàbá wá sí Kamẹrúùnù. Mo fa ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo wa ọkọ̀ náà. N kò mọ̀ pé etí Bàkásì gan-an ni bírò mi gbà kọjá. Àfọwọ́fà mi ni.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ọlọ́pàá wọ àgbàlá wa láàárọ̀, tí wọ́n ń yẹ ìwé ìgbélùú wò. Ti bàbá mi pé. Wọ́n ti fẹ́ máa lọ kí ọ̀kan nínú wọn tó rí ìwé náà lórí tábìlì, ojú ewé onílà pupa ló ṣí sílẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá béèrè pé ta ló fa ìlà yìí, ta sì ni ó fẹ́ fi ọ̀nà hàn. Bàbá mi wo ìwé, ó wò mí. Ó ní ìwé ilé ìkàwé ni, àwọn ọmọ òun ló ń kà á. Wọ́n yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn, wọn kò rí bébà kankan. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n ní amí ni.

Ẹ̀yin ọmọ, agolo yẹn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ sí ibi tí mo dúró sí. Kí n ṣáà bẹ̀rẹ̀, kí n fà á jáde. N kò ṣe é. Bébà tí mo yọ ni mo ń rò, ìlà tí mo fà sínú ìwé oníwèé ni mo ń rò. Ẹ ò rí òmùgọ̀? Wọ́n ń mú bàbá mi lọ, pàṣán ni èmi ń sá fún.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá mi kò dé. Màmá mi ti àgọ́ ọlọ́pàá dé, ó ní wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Yaoundé. Kò sunkún. Ó kàn mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ló já mi láyà. Mo gbé agolo, mo sáré lọ bá Màmá Ìwé, mo jẹ́wọ́, ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi já geere. Kò bá mi wí. Ó tú àwọn bébà náà sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Gbogbo rẹ̀ lo tọ́jú?"

Ó wá mú èyí tó jẹ́ ti ìwé àwòrán ilẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fà mí lọ́wọ́, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n bi í níbẹ̀ pé ṣé ó mọ ohun tó ń ṣe, pé nítorí ta ni ó fi ń ṣe é. Ó ní, "Èmi ni mo yan ìwé náà. Èmi ni mo fún ọmọ yìí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìyí." Wọ́n ní kó kọ nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n fi wé e. Ó kọ ọ́. Nígbà tó kàn mí, mo sọ pé èmi ni mo fa ìlà, mo sọ ìdí tí mo fi fà á. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n fi bàbá mi sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ jáde. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n sì kọ orúkọ Màmá Ìwé sílẹ̀. Wọ́n ju bébà mi sílẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ mú un, tó fi lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n máa ń ní oore kì í gbé. Èmi àti òwe yẹn ṣì ń bá a fà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìgbìmọ̀ àdúgbò ní kí Màmá Ìwé kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ìkàwé, pé ó ń fún ọmọ ọ̀tá ní àwòrán ilẹ̀. Bàbá mi fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà á pé bí wọ́n bá rí òun lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn yóò ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó ní ká jẹ́ kọ́rọ̀ náà tutù díẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, a ti kó lọ sí PK8, ní ìpẹ̀kun ìlú. Nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tí ń dá jáde, mo padà lọ. Ilé ìkàwé ti di ibi tí wọ́n ti ń dirun, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí obìnrin náà gbà. A kò dúpẹ́ oore. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ Bàkásì, a lè sọ Yorùbá wa nínú takisí bó ṣe wù wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ọ ni kò kúkú pọ̀ mọ́. Fóònù ló ń sọ ohun tí ẹ máa kà fún yín. Níjọ́sí, ọ̀kan nínú yín na tirẹ̀ sí mi, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ wò ó, ó mọ ohun tí mo fẹ́." Mo bi í pé ṣé fóònù mọ̀ bí wọ́n bá ń fi ọ́ ṣẹ̀sín níléèwé? Ó rẹ́rìn-ín, ó gba fóònù rẹ̀ padà.

Bébà náà nìyí. Faransé ló fi kọ ọ́, yíǹkì rẹ̀ sì ti ń pa rẹ́, orúkọ mi ló wà lókè, ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù fún yín: "Fún ọmọ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wá ìlú bàbá rẹ nínú ìwé yìí. Tí o bá rí i, wá fi hàn mí, nítorí èmi náà kò mọ ibẹ̀."

Mo ti rí i. Mo ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo tilẹ̀ sin bàbá mi síbẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ fi hàn ni n kò rí.