Lẹ́tà Tí Lyuben Yọ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Lyuben Trendafilov ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ìsédò, ìyẹn odi tó ń dá omi odò dúró, ní agbègbè òkè Rodópì ní Bulgaria, kò sì sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ àfi tí kọ̀ǹpútà bá dákú. Wọ́n á ké sí i, á tún un ṣe, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Sófíà, olú ìlú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló sì ń wá.

Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí fi ń yangàn ni àdírẹ́sì kan tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà síbẹ̀, gbogbo ẹnjiníà àti olùṣọ́ ìsédò mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó forúkọ sílẹ̀ ló máa rí i gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jiyàn lórí sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ní bóòtù tó ṣẹ́kù, tí wọ́n sì ti ń bú àwọn ọ̀gá Sófíà. Nígbà tó yá, Lyuben rí sọ́fútíwíà kan tó lè sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ojú ewé tí gbogbo ayé lè kà: á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á so èsì mọ́ ìbéèrè, á sì tò wọ́n ní oṣù-oṣù.

Ṣùgbọ́n sọ́fútíwíà náà kì í dá nǹkan mọ̀. Fáìlì kan wà tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún un, ìlà inú rẹ̀ lé ní igba, oṣù mẹ́ta gbáko ni Lyuben sì fi jókòó tì í. Lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́tà àwọn ará Bulgaria ń jáde bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ó wá ìlà tó fà á, ó tún un ṣe. Ó pàṣẹ kí ó máa bo àdírẹ́sì àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ nítorí àwọn oníjìbìtì. Ìlà kan sì wà tó ń bèèrè pé: bí ẹnìkan bá kọ “má tọ́jú” sí orí lẹ́tà rẹ̀, ṣé kí n fò ó? Lyuben kọ “bẹ́ẹ̀ ni” síbẹ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló bèèrè bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Velichka Shopova ni, ẹnjiníà obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, á gbé banitsa, oúnjẹ oníwàràkàṣì tí ìyá rẹ̀ yan, wá sí yàrá Lyuben, wọ́n á jọ jẹ ẹ́.

“Bọ̀dá Lyuben, tí mo bá kọ ‘má tọ́jú’ sórí ẹ̀, kò ní jáde síta, àbí?”

“Kò ní jáde. Àwa-ara-wa nìkan la máa rí i.”

“Ẹ dá a lójú?”

“Ta ló tún ẹ̀rọ yìí ṣe, èmi àbí ìyá rẹ?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n àlàfo tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn Lyuben balẹ̀. Èsì á wà, ìbéèrè ò ní sí. Ẹnìkan á dúpẹ́, kò ní sẹ́ni tó mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Ó ń yọ ọ́ lẹ́nu bí àyè eyín tó ká. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣí fáìlì náà, ó pa “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ́, ó kọ “rárá”. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ní òun á sọ.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, Velichka kọ lẹ́tà kan. Ó ní ìwé sọ pé wọ́n yẹ ilẹ̀kùn irin tí wọ́n fi ń tú omi ìsédò òkè wò ní oṣù kọkànlá, orúkọ òun sì wà lára àwọn tó lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lọ. Inú ọ́fíìsì ni ọ̀gá àgbà, Karadzhov, ti buwọ́ lù ú, kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun ti wá dá lọ wò ó. Ìpẹtà ti jẹ ṣéènì tó ń gbé ilẹ̀kùn náà dé àárín. Ó bèèrè pé kí ni ká ṣe, ó sì kọ “má tọ́jú” sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ẹyọ ẹnìkan ló dáhùn, Pencho Gidikov tó ń ṣọ́ ìsédò ìsàlẹ̀. Ohun tó kọ ò ju “Velichka, rọra o” lọ.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá, Karadzhov fúnra rẹ̀ ń wá orúkọ ara rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà yẹn ló sì kọ́kọ́ jáde. Kí oṣù tó parí, wọ́n ní ipò Velichka ò sí mọ́.

Ó gbé ẹrù rẹ̀ sínú páálí, ó wọ yàrá Lyuben wá. Lyuben ti dìde kó tó sọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo yí i padà,” ó ní. “Mo rò pé… àlàfo yẹn ni. Jẹ́ kí n yọ ọ́ báyìí. Ìṣẹ́jú kan ni.”

“Báyìí tí wọ́n ti lé mi?” Velichka gbé páálí náà kalẹ̀. “Ẹ má yọ ọ́. Tí ṣéènì yẹn bá já lọ́la, òun nìkan ni ẹ̀rí mi. Wọ́n ti ti àpótí lẹ́tà mi pa ní ọ́fíìsì, mi ò ní ẹ̀dà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

“Á wà níbẹ̀.”

Lọ́sẹ̀ kejì, Karadzhov pe Lyuben.

“Ọ̀gbẹ́ni Lyuben, ẹ jókòó. Wọ́n ní ó ku ọdún méjì kí ẹ fẹ̀yìntì.”

“Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ọ̀gá.”

“Kì í pẹ́. Ẹ yọ lẹ́tà obìnrin yẹn. Mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí.”

Lyuben padà sí yàrá rẹ̀. Tó bá yọ ojú ewé náà nìkan, nọ́ńbà á fò, ẹni tó bá lójú á rí i. Nítorí náà ó yọ lẹ́tà náà nínú àpótí tí sọ́fútíwíà ti ń kó wọn, ó yọ èsì Pencho, ó sì pàṣẹ kí ó tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni. Nọ́ńbà wọlé mọ́ nọ́ńbà. Kò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ṣéènì já, ilẹ̀kùn irin kọ̀, kò ṣí, omi gba orí odi wálẹ̀. Ó gbé darandaran kan tó ń jẹ́ Shaban lọ pẹ̀lú àgùntàn rẹ̀, ó sì ba oko tábà jẹ́ dé ẹ̀bá títì. Ìgbìmọ̀ kan ti Sófíà wá ṣèwádìí. Lyuben ló tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri fún wọn, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì dúró sí nígbà tí alága bèèrè pé ṣé ẹnìkan kìlọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó kìlọ̀,” Karadzhov dáhùn.

Lyuben yí àwòrán sí èyí tó kàn. Òjò ni ìgbìmọ̀ dá lẹ́bi.

Ìtálì ni Velichka wà nígbà náà, ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan ní Bologna. Ó pè lórí fóònù.

“Bọ̀dá Lyuben, mo wá lẹ́tà mi, mi ò rí i. Ṣé ẹ̀rọ yín bàjẹ́ ni?”

“Kò bàjẹ́.”

“Ẹ ti yọ ọ́ nìyẹn.”

“Wọ́n ní kí n yọ ọ́.”

“Nígbà tí mo ní kó má jáde, ẹ gbé e jáde. Nígbà tí mo ní kó wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín gan-an?”

Lyuben gbọ́ tí fóònù kú.

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Pencho ní ìsédò ìsàlẹ̀. Ó ṣáà mọ̀ pé gbogbo wọn ló gba lẹ́tà yẹn, pé ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Pencho bu ọtí rakia fún un.

“Mo máa ń gbá kọ̀ǹpútà mi mọ́,” Pencho ní.

“Tàwọn yòókù ńkọ́?”

“Àwọn náà ń gbálẹ̀, Lyuben. Àbí ìwọ nìkan lo mọ ilẹ̀ gbá?”

Lyuben kò mu ọtí náà. Nígbà tó délé, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí gbogbo wọn: ohun tí Velichka kọ bó ṣe rántí rẹ̀, ọjọ́ tó kọ ọ́, ẹni tó ní kí òun yọ ọ́, àti bí òun ṣe yọ ọ́. Ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀wé padà pé ohun tí èèyàn kàn rántí kì í ṣe ẹ̀rí. Nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀, mẹ́sàn-án yọ orúkọ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kankan kò sì dáhùn. Wọ́n lé Lyuben, wọ́n sì ti àdírẹ́sì náà pa. Ọdún yẹn gan-an ni Karadzhov gba oyè ẹni tó sin ìlú.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Lyuben pàdé ìyá Velichka lórí ìlà nílé búrẹ́dì. Ó kí i. Ó bèèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀.

“Ó wà,” ìyá náà ní. “Ẹnìkan fi lẹ́tà tí o kọ ránṣẹ́ sí i.”

“Kí ló wí, màmá?”

“Ó ní o kọ ọ́ dáadáa. Ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.”

Ìyá náà gba búrẹ́dì rẹ̀, ó ká ọ̀rá mọ́ ọn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Lyuben kọjá láì tún wo ojú rẹ̀.